Géńdé Sígbọnlẹ̀ Náà Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Ṣe Kẹ̀kẹ́ Ojú Títì

Sí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ojú títì ní Amẹ́ríkà, Jámánì, Ítálì àti Taiwan. Sí ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń tà á káàkiri ayé. Ẹ̀dà kan sí UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ní ìlú Aigle, orílẹ̀-èdè Switzerland.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í ṣe aláìmoore. Wọ́n rántí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ ojú títì kì í sábà ju mìlímítà 23 lọ, tí gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí máa ń ró dé eegun ẹ̀yìn wọn. Lónìí, táyà 28, 30 àti 32 ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, bíréèkì díìsìkì sì ti gba ipò bíréèkì àtijọ́ tó ń fún ríìmù mọ́ra. Ẹ ṣeun fún èyí.

Lẹ́yìn ọpẹ́, ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ ń gba owó wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ kì í rántí nígbà tí ẹ bá jókòó ti àwòrán kẹ̀kẹ́. Àwọn ni ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ga, tí wọ́n sì wúwo: ẹni tó ga ju mítà 1.90 lọ, tó sì lé ní kílò 100 lórí òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń ṣètò eré ìje ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé wọ́n wà, wọ́n ti ya ìpín sọ́tọ̀ fún àwọn tó wúwo, Clydesdale fún ọkùnrin, Athena fún obìnrin. Nínú ilé ìtajà yín, wọn kò ní ìpín kankan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Anthony Joshua, akànṣẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Watford, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, ga tó mítà 1.98. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní London lọ́dún 2012, ó sì ti gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun tó lé ní kílò 110 kí ó tó wọ ojú ìjà. Ká ní ó wọ ilé ìtajà lọ́la pé òun fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ojú títì. Canyon ti Jámánì kọ kílò 120 sí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ojú títì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpin ẹrù. Kì í ṣe ẹni tó gùn ún nìkan ni wọ́n kà sínú 120 yẹn. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ kílò 9 fún kẹ̀kẹ́. Ẹ yọ kílò 3 fún bàtà, akoto, ike omi méjì, páǹpù àti irinṣẹ́. Ó ku 108. Akọni tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, tí ara rẹ̀ kún fún iṣan, ti wúwo ju ohun tí ìwé gbà láàyè kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì.

Trek ti Amẹ́ríkà fi díẹ̀ lé e: kílò 125 ni wọ́n kọ sí Domane, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ẹrù. Ó yẹ kí a gbóríyìn fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí pé wọ́n kọ tiwọn síta níbi tí olùrà lè rí i. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè kò ju pé kí ẹ ka ara ńlá mọ́ ara tí ẹ ń ṣe kẹ̀kẹ́ fún. Ẹni tó ga tó sì wúwo kò wá tọrọ àánú, owó ni ó mú wá.

Ó dára kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Láti ọdún 2000 ni UCI ti fi òfin dè é pé kẹ̀kẹ́ eré ìje kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ. Wọ́n ṣe òfin náà kí ẹ má baà sọ kẹ̀kẹ́ di ohun ẹlẹgẹ́. Ẹ̀yin wá sọ 6.8 di ibi tí gbogbo yín ń sáré lọ, ẹ fi ń polówó, ẹ sì ń gbé òṣùwọ̀n lé gbogbo bóòtù. Ara ẹni tó fúyẹ́, tó ń gun òkè Alps láti gba Tour de France, ni ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe fún gbogbo ènìyàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gíráàmù mẹ́wàá tí ẹ yọ lára òpó ìjókòó kò wúlò fún ẹni tí sípóòkì ẹ̀yìn rẹ̀ já sójú ọ̀nà ní kìlómítà 40 sí ilé.

Ẹ má sì sọ pé eré kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti irú wọn. Lọ́dún 1994, Eros Poli ará Ítálì, tó ga ní mítà 1.94, tó sì lé ní kílò 80, dá jáde ní òun nìkan nínú Tour de France, ó gun òkè Ventoux níwájú gbogbo àwọn tó fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì gba ìpele ọjọ́ náà ní Carpentras. Magnus Bäckstedt ará Sweden, géńdé tó lé ní kílò 90, gba eré ìje Paris–Roubaix lọ́dún 2004 lórí òkúta tó ń gbọn kẹ̀kẹ́ jìgìjìgì. Johan Vansummeren ará Belgium, mítà 1.97, gba eré yẹn kan náà lọ́dún 2011. Conor Dunne, mítà 2.04, ni ó borí nínú eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ti orílẹ̀-èdè Ireland lọ́dún 2018. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní mẹkáníìkì tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ wọn ní òru. Ẹni tó ń ra kẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò ní i.

Ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà ńlá wọ̀nyí ní sí yín jẹ́ mẹ́fà.

1. Òpin ẹrù tí kò yé ènìyàn. Nínú ìwé ìlò yín, àwọn kan ka ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ nìkan, àwọn kan ka ẹni náà mọ́ kẹ̀kẹ́ àti ẹrù. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè ní òpin tirẹ̀, òpó ìjókòó lè ní tirẹ̀, hándù lè ní tirẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ borí. Ta ló ń sọ èyí fún olùrà? Òṣùwọ̀n àgbáyé ISO 4210 ní kí ẹ kọ òpin ẹrù sínú ìwé ìlò. Ẹ ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìlò kì í bá kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan rà ní Rotterdam lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn lè wà ní Èkó lónìí gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, lẹ́yìn tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá. Férémù dé, ìwé kò dé. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò tẹ táyà, yóò gbọn hándù, yóò fọwọ́ yí pẹ́dàlì, yóò nájà, yóò sanwó. Kò sí ohun kankan lára kẹ̀kẹ́ náà tó sọ fún un pé kílò mélòó ni ó lè gbé.

2. Férémù tí kò bá ara mu. Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France nígbà mẹ́ta, ló sọ ìṣirò kan di mímọ̀ káàkiri. Ẹ wọn ẹsẹ̀ láti abẹ́ ìtan dé ilẹ̀, ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bí ìjókòó ṣe yẹ kó jìnnà tó sí àárín ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí. Ẹ fi 0.67 sọ ẹsẹ̀ kan náà di púpọ̀, ẹ ó rí ìwọ̀n férémù gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96 yóò gbé ìjókòó rẹ̀ sí 84.8, férémù rẹ̀ yóò jẹ́ bí 64. Domane tó tóbi jù lọ jẹ́ 62, àwọn mìíràn nínú yín kò sì dé ibẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀pá òkè férémù òde òní ti dagun, nítorí náà a kì í gbọ́kàn lé nọ́ḿbà 64 yẹn nìkan mọ́. Stack ni a ń wò, ìyẹn bí ọrùn férémù ṣe ga tó, àti reach, ìyẹn bí ó ṣe nà síwájú tó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí ọrùn férémù kò ga tó, ẹni tó ga yóò máa kó òrùka ìgbéga sábẹ́ hándù, títí yóò fi kọjá iye tí ẹ̀yin fúnra yín gbà láàyè lórí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tó gbé hándù. Yóò fa òpó ìjókòó sókè títí yóò fi kan ìlà tí ẹ ní kí ó má kọjá. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ kì í kàn fa agbádá ọmọdé gùn kí ó ní ó ti di ti àgbà. Ó máa ń tún gbogbo rẹ̀ gé ni. Ẹ̀yin ń gun ọ̀pá òkè àti ọ̀pá ìjókòó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín ń fi ìdí férémù, láti apá pẹ́dàlì dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, sí bíi mìlímítà 410 sí 415 láti ìwọ̀n tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Bí ìjókòó ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún sẹ́yìn, títí ẹni tó wúwo jù nínú gbogbo oníbàárà yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá.

Ìgbọ̀nrìrì náà tún wà níbẹ̀. Férémù ńlá, ìjókòó gíga, ọ̀pá tínínrín: bí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè, hándù lè bẹ̀rẹ̀ sí í jà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ti rí i rí mọ̀ pé kí wọ́n fi orúnkún há ọ̀pá òkè mọ́ra, kí wọ́n rọra tẹ bíréèkì. Ẹni tí kò rí i rí yóò di hándù mú gírígírí, èyí sì máa ń dá kún un.

Ní ti gígùn apá pẹ́dàlì, lẹ́tà yìí kò ní fi ṣe ẹ̀sùn. Lennard Zinn, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ fún àwọn tó ga ní Colorado, ń ta èyí tó lé ní mìlímítà 200. Ìwádìí tí Martin àti Spirduso gbé jáde lọ́dún 2001 sì fi hàn pé láti 120 títí dé 220, agbára tó pọ̀ jù tí ẹsẹ̀ lè mú wá kò yàtọ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí àwọn onímọ̀ máa bá a lọ.

3. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èyí ni ó dun àwọn ènìyàn wọ̀nyí jù. Sípóòkì kì í sábà já nítorí pé ẹni ńlá fi ìdí lé kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àárẹ̀ irin ni ó ń já a. Jobst Brandt, ẹnjiníà ní California, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé The Bicycle Wheel lọ́dún 1981: sípóòkì tó bá yí dé ìsàlẹ̀, níbi tí táyà ti kan ilẹ̀, yóò dẹ̀, tó bá kúrò níbẹ̀, yóò le padà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wọ táyà 28 ń yí bí ìgbà 470 nínú kìlómítà kan. Kí ẹnì kan tó rin kìlómítà 50, sípóòkì kọ̀ọ̀kan ti dẹ̀, ó ti le padà, ju ìgbà 23,000 lọ. Bí ẹni tó gùn ún bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni dídẹ̀ náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Bí sípóòkì bá sì ṣe kéré níye tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń wúwo tó.

Ẹ mọ gbogbo èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ní sípóòkì 20 tàbí 24 tí ẹ fi sára kẹ̀kẹ́ ẹni kílò 60 ni ẹ tún ń fi sára férémù tó tóbi jù lọ. Ẹni tó rà á yóò pààrọ̀ sípóòkì kan. Láìpẹ́ èkejì já. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yóò sọ fún un pé òun ni ó wúwo jù. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro, ó ti pẹ́ tó ti wà: sípóòkì 32 tàbí 36, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá mẹ́ta mìíràn, tí ọwọ́ ènìyàn fà dọ́gba. Sípóòkì méjìlá tí a fi kún ẹsẹ̀ kan kò tó gíráàmù 100.

4. Ríìmù tí kò ní ìkọ́ létí. Ẹ ti ń yọ ìkọ́ tó máa ń di etí táyà mú kúrò lára ríìmù kábọ́ọ̀nù, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe, ó sì ń dín owó iṣẹ́ kù. Òfin irú ríìmù bẹ́ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 5 bar lọ, ìyẹn 72.5 psi. Ẹni kílò 65 lè lo 60 psi pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni kílò 115 lórí táyà 28 yóò fẹ́ ju 72.5 lọ kí ríìmù má baà máa kan ilẹ̀ nínú kòtò. Ó wá há sí àárín: bí ó bá fẹ́ ẹ tó, ó kọjá òpin, bí kò bá fẹ́ ẹ tó, ríìmù fọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, nínú UAE Tour, táyà Thomas De Gendt ará Belgium kúrò lára irú ríìmù yìí, ó ṣubú, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun. De Gendt kì í ṣe ẹni ńlá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó fúyẹ́, kí ni kí ẹni tó fi ìlọ́po méjì wúwo sọ?

5. Jíà àti bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lórí òkè tó dagun ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ní kìlómítà 8 ní wákàtí kan, ẹni kílò 70 lórí kẹ̀kẹ́ kílò 8 nílò bíi wáàtì 135 láti gbé ara rẹ̀ gòkè. Ẹni tí òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílò 125 nílò bíi 217 fún eré kan náà. Bí ẹ bá fún un ní jíà 34 níwájú àti 30 lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yí ní ìgbà 55 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìwúwo náà yóò sì dà lé orúnkún. Bí ẹ bá fún un ní 30 níwájú àti 34 lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yí ní ìgbà 71, orúnkún yóò sì sinmi. Jíà iwájú oníméjì, 46 àti 30, wà. Shimano ń ṣe é nínú ẹ̀yà GRX fún àwọn kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní gravel. Lára kẹ̀kẹ́ ojú títì yín, ẹ kì í sábà fi í síbẹ̀, àfi kí olùrà lọ tún un rà lọ́tọ̀.

Bí a bá sì yí kẹ̀kẹ́ náà padà sí ìsàlẹ̀ òkè, láti gíga mítà 500, ẹni kílò 125 náà ní bíi kílòjúùlù 613 láti fà dúró. Ẹni tí òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílò 78 ní 383. Díìsìkì mìlímítà 140 tí ẹ fi sẹ́yìn kò mọ ìyàtọ̀, ó kàn ń gbóná ni. Nínú ìdánwò bíréèkì ISO 4210, kílò 100 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò fún kẹ̀kẹ́, ẹni tó gùn ún àti ẹrù lápapọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti kọjá ibẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

6. Ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ni èyí kàn. "Ẹ lọ fọn díẹ̀ ná, kí ẹ padà wá." Àìmọye ènìyàn ló ti gbọ́ ọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn, dókítà ló rán wọn wá, nítorí pé ìjókòó ni ó ń gbé ìwúwo ara lórí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe orúnkún àti kókósẹ̀ bí ti eré sísá. Ẹni tí wọ́n ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́, tí ẹ ní kó lọ fúyẹ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́, níbo ni kó gbà? Àwọn tó ga, tí ara wọn sì jẹ́ iṣan bíi ti Joshua, kò tilẹ̀ ní ohun tí wọn yóò fọn.

Ẹ lè dáhùn pé kò ṣeé ṣe, pé kẹ̀kẹ́ tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kẹ̀kẹ́ ojú títì mọ́. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni-méjì. Àgbàlagbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 75 ń jókòó sórí rẹ̀, ó di kílò 150 láì tíì ka kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì náà ni ó sì ń gbé wọn. Wọ́n ń sáré lórí rẹ̀, wọ́n ń fi í rìnrìn àjò, nítorí pé ẹni tó ṣe é fi sípóòkì 36 tàbí 40 sí i, ó fi táyà tó fẹ̀ sí i, ó sì mọ ẹrù tó ń bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Surly ti ṣe férémù irin tó dé ìwọ̀n 64 fún àwọn arìnrìn-àjò. DirtySixer ṣe kẹ̀kẹ́ onítáyà ìǹṣì 36 fún àwọn tó ga bí àwọn agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Zize ní Amẹ́ríkà dìde nítorí àwọn tó wúwo nìkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá ìwádìí, tí ẹ ní ihò afẹ́fẹ́ ìdánwò, kò lè sọ pé ó kọjá agbára yín.

Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn oníbàárà wọ̀nyí ń bẹ̀ yín pé:

(i) Ẹ tẹ òpin ẹrù mọ́ ara férémù àti mọ́ ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí ojú ti lè rí i, kí ẹ sì sọ bóyá kẹ̀kẹ́ àti ẹrù wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ara pátákó owó nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú.

(ii) Ẹ ṣe férémù ojú títì kan, ó kéré tán, tó dé ibi tí ẹni mítà 2 lè jókòó láì kó òrùka jọ, kí ìdí rẹ̀ gùn sí i bí ìjókòó ṣe ń ga.

(iii) Ẹ jẹ́ kí olùrà férémù tó tóbi jù méjì lè gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onísípóòkì 32 tàbí 36, pẹ̀lú ríìmù tó ní ìkọ́, ní owó kan náà.

(iv) Ẹ fi àyè táyà 35 sí férémù wọ̀nyí, ẹ fi jíà iwájú 46 àti 30 sí i, ẹ sì fi díìsìkì 160 síwájú àti sẹ́yìn.

(v) Ẹ dán wọn wò pẹ̀lú kílò 150 lápapọ̀, kí ẹ tẹ èsì náà jáde.

(vi) Ẹ kọ́ àwọn tó ń tajà yín bí a ṣe ń béèrè ìwúwo oníbàárà láì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n sì mọ èyí tí wọn yóò fi hàn án.

UCI, tiyín kò pọ̀. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ wá sí eré yín pé kílò mélòó ni ó lè gbé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sójú ìwé.

Títí èsì yóò fi dé, àwọn oníbàárà kò ní káwọ́ gbera. Wọ́n ti ń kọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ yóò gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú aṣọ, bàtà àti omi rẹ̀, yóò fi ìwúwo kẹ̀kẹ́ kún un, yóò sì fi kílò mẹ́wàá sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òpin. Yóò wo stack kí ó tó wo àwọ̀. Yóò wá irin, titanium tàbí alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ òpin rẹ̀ síta; kábọ́ọ̀nù kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní òpin tó yéni ni yóò fi sílẹ̀. Yóò fi hándù àti òpó ìjókòó alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò èyí tó fúyẹ́. Yóò gbé táyà 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lójú ọ̀nà bíi ti Èkó àti Ìbàdàn níbi tí kòtò kì í ti í kéde ara rẹ̀. Yóò ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fọwọ́ kan gbogbo sípóòkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tún fa èyí tó ti dẹ̀. Bí èyí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, yóò gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe gravel lọ, tàbí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń jó férémù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tí ìbá jẹ́ tiyín yóò bá a lọ.

Òfin náà kò sùn. Ní Britain, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí oníbàárà ti sọ fún olùtajà pé òun fẹ́ lò ó fún mu. Bí ọmọ Yorùbá kan ní Peckham bá sọ fún olùtajà pé kílò 115 ni òun, tí olùtajà sì gbé kẹ̀kẹ́ tí kò lè gbé e fún un, àlàyé yóò pọ̀ níwájú adájọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tuntun nípa ààbò ọjà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, ó sì ní kí ẹ ro ewu tó wà nínú ọjà kí ẹ tó gbé e síta. Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018. Lẹ́tà yìí kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń rán yín létí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ni wọ́n ti ń ka ìwé ìlò yín báyìí, wọ́n sì ń pa sípóòkì tó já mọ́ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀.

Àtẹ ọjà yín ń jáde lọ́dọọdún. Ní èyí tó ń bọ̀, àwọn tó ga, tó sì wúwo, yóò wo ìwé férémù yín tó tóbi jù lọ, wọn yóò wá ohun mẹ́fà tí wọ́n béèrè lókè yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì sọ fún ara wọn ilé-iṣẹ́ tó dáhùn àti èyí tí kò dáhùn.

A ń retí èsì yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Agbẹnusọ àwọn agunkẹ̀kẹ́ gíga abara-ńlá.